Orí ìrẹ̀ ni ìlù rẹ̀ wà ni, àbí ikùn rẹ̀?

Ọmọ Àyàn Ọ̀yọ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ti ń jà mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, ẹ má kàn sọ fún mi pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Bí Ó ṣe ṣe é ni mo fẹ́ mọ̀.

Ìlù ni mò ń gbẹ́, òun náà ni mò ń lù. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń to igi ọmọ̀ sí kó lè gbẹ kí n tó fọwọ́ kàn án, abẹ́ igi yẹn ni àwọn ìrẹ̀ sì fi ṣe ilé. Bí òjò bá ti dá lálẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ní ariwo ni. Èmi kì í gbọ́ ọ bí ariwo. Mo máa ń paná, màá jókòó sórí àpótí, màá sì dẹtí sí wọn. Bí ẹyọ kan ni ìró kọ̀ọ̀kan ń ṣe létí, àmọ́ nígbà tí mo gbà á sórí fóònù tí mo mú un falẹ̀, ẹyọ kan yẹn kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́rin ni, tí ó so mọ́ra. Mẹ́rin, ìsinmi, mẹ́rin, ìsinmi, nígbà míì mẹ́ta. Láti aago mẹ́jọ títí mo fi lọ sùn, kò ṣì í lù. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń lu gúdúgúdú, ọwọ́ tèmi ṣì máa ń yẹ̀ bó bá ti rẹ̀ mí.

Ta ló kọ́ ọ? Ọmọ àyàn, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìlù. Bó bá ti lè di nǹkan mú, wọ́n á fi omele lé e lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ á sì jókòó tì í, á máa gbá a lọ́wọ́ bó bá ṣìnà. Inú ilẹ̀ ni ẹyin ìrẹ̀ ti ń pa. Kò sí bàbá níbẹ̀.

Ìkejì: etí mi òsì ti ń hó láti bí ọdún mẹ́fà, ìlù ló fà á. Ìrẹ̀ tí kò tó ìka mi, tí wọ́n ń gbọ́ láti òdìkejì títì, báwo ni etí tirẹ̀ kò ṣe di?

Ìkẹta ló mú kí n kọ̀wé. Adìẹ kan ṣá ìrẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó já orí rẹ̀ jẹ, ọmọ ọmọ mi sì sáré gba ìyókù. Ó gbé e sórí pákó tí mo fi ń gé awọ. Ara yẹn dìde dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ gbéra sókè, ó sì dún. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ojú mi yìí ni mo fi rí i, kò sí orí lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi kí wọ́n tó jáde láyé. Apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu wọn pátápátá. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí wọn kò dá mi mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì wọn kò sinmi. Etí aṣọ ìbora ni wọ́n máa ń fún, wọ́n á fún un le, wọ́n á dẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún fún un. Ẹni tó bá ń lu ìyáàlù mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló ń fún ọṣán, òun ló ń gbé ohùn sókè tó ń gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kàn ń mú kọ̀ǹgọ́ ni. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, mo ń wo ọwọ́ yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ oríkì ìdílé wa nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé, láìsí awọ, láìsí igi. Mo sọ ọ́ fún dókítà ọ̀dọ́ kan, ó ní iṣan ló ń fà, pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Ìbéèrè mi nìyẹn. Níbo ni ìlù ń gbé nínú ara?

Àgbẹ̀ Ìkòyí

Ẹ kú ìrántí bàbá o, Bàbá Àyàn. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn.

Èmi kò mọ ti ọpọlọ, àmọ́ mo mọ ìrẹ̀. Láti kékeré la ti ń wa ihò wọn ní oko wa lápá Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ oníyanrìn. Ẹnu ihò ni akọ máa ń dúró sí lọ́wọ́ àṣálẹ́ tó bá fẹ́ ké, ihò á sì ràn án lọ́wọ́ láti dún. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan ilẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á dákẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ru erin kì í fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀, àmọ́ àwa tí a kò ru erin, a wà á dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé wọn kì í lù ú bákan náà láti oṣù dé oṣù. Tí ọyẹ́ bá dé, tí òtútù mú lóru, ẹ máa gbọ́ pé ìlù yẹn ń falẹ̀. Tí ooru bá mú, á yá. Mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì Ogbómọ̀ṣọ́

Bàbá Àyàn, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. Bàọ́lù méjì ni mo fi ń sin ìrẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo to páálí ẹyin sínú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi sá sí, owú tútù ni omi wọn, oúnjẹ adìẹ ni wọ́n ń jẹ. Mo ti ń wò wọ́n fún ọdún mẹ́rin.

Ohun tí ẹ rí lórí pákó yín kì í ṣe àlá. Ní 1972, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Kutsch àti Otto, kọ̀wé nípa ìrẹ̀ inú pápá tí wọ́n gé orí rẹ̀ tó sì tún kọrin. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀.

Bí ara rẹ̀ ṣe rí rèé. Ọpọlọ wà nínú orí lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀, okùn méjì ló gba abẹ́ ara lọ dé ìdí, wọ́n sì ta kókó lójú ọ̀nà: kókó mẹ́ta ní àyà, márùn-ún ní ikùn. Kókó kọ̀ọ̀kan ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ láìbéèrè. Ìyẹ́ wà ní àyà, nítorí náà gbogbo ayé rò pé kókó àyà ni ìlù wà. Ní 2011 ni Stefan Schöneich àti Berthold Hedwig ní yunifásítì Cambridge ní Ìlú Ọba gé okùn yẹn níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń wo ibi tí orin á kú sí. Tí wọ́n bá gé e láàárín kókó ìkẹyìn àyà àti kókó àkọ́kọ́ ikùn, orin tán, kò padà mọ́. Tí wọ́n bá gé e ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ́bàá ìdí, ó ń kọrin lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ rí i pé ìyẹ́ tó wà ní àyà, ikùn ló ń bá a ka ìlù. Ìbéèrè tí ẹ fi ṣe àkọlé, ikùn ló sún mọ́ jù.

Kí wá ni orí ń ṣe? Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ sọ pé orí ni ìyáàlù, ikùn ni omele. Ẹ má bínú, mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyáàlù ṣì ń lù. Orí ìrẹ̀ kò lu nǹkan kan. Ó dà bí olórí ẹbí tó jókòó síbi ìnáwó, tó ní "ẹ máa lù ú". Kò mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́. Bó bá ṣì ń mi orí, àwọn onílù á máa lù. Bó bá dáwọ́ mímì orí dúró, wọ́n á dákẹ́. Hedwig rí sẹ́ẹ̀lì kan báyìí ní ọdún 2000. Inú ọpọlọ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, ó sì na ọwọ́ gígùn kan sọ̀kalẹ̀ wọ inú okùn. Tó bá ń ta bí iná kékeré, nǹkan bí 60 sí 80 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìrẹ̀ á gbé ìyẹ́, á sì máa kọrin. Títa yẹn kò ní mẹ́rin-ìsinmi-mẹ́rin nínú o. Ó ń ta lọ gbuurugbu ni, àfi pé ó máa ń yá díẹ̀ sí i nígbà tí ìró bá ń jáde. Ikùn ló ń sọ ọ́ di ìlù. Bí títa náà bá ti rẹlẹ̀, orin á dúró.

Ṣáájú wọn, Franz Huber ní Jámánì ti fi wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ọpọlọ ìrẹ̀ láti àwọn ọdún 1950, ó sì rí i pé bó bá kan ibìkan, orin ìpè á jáde, bó bá kan ibòmíràn, ti ìjà ni. Nítorí orin mẹ́ta ló ní: èyí tó fi ń pe abo láti ọ̀nà jíjìn, èyí tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó bá ti dé, àti èyí tó fi ń lé akọ mìíràn. Orí ló ń yan èyí tó kàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó kan ilẹ̀ wa. Nígbà tí àwọn Cambridge yìí fẹ́ kí ìrẹ̀ kọrin fún ìgbà pípẹ́, wọ́n fi abẹ́rẹ́ kékeré ju ẹ̀kán oògùn kan tí wọ́n ń pè ní eserine sínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀wà olóró Calabar ni wọ́n ti kọ́kọ́ fa eserine jáde, èyí tí àwọn Ẹfik ń pè ní esere, tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ àjẹ́ láyé àtijọ́. Ìránṣẹ́ kan wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, tó bá ti jíṣẹ́ tán, wọ́n á gbá a kúrò. Eserine kì í jẹ́ kí wọ́n gbá a. Iṣẹ́ tó jẹ́ á wá máa dún lọ ní ọpọlọ, ìrẹ̀ á sì máa kọrin. Ọ̀nà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ òtapíapíá ń gbà pa kòkòrò, àmọ́ ti òtapíapíá, gbogbo ara ló ń dà rú títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n ọn sábẹ́ igi yín.

Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni. David Bentley àti Ronald Hoy ní Amẹ́ríkà, láwọn ọdún 1970, mú oríṣi ìrẹ̀ méjì tí orin wọn yàtọ̀, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gùn. Orin àwọn ọmọ wọn bọ́ sí àárín méjèèjì, ó sì fẹ́ jọ ti ẹ̀yà ìyá ju ti bàbá lọ. Abo kì í kọrin rárá, òun ló sì ń fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní apá tó pọ̀ nínú orin náà. Ohun mìíràn tí wọ́n rí tún yà mí lẹ́nu ju ìyẹn lọ: ọmọ ìrẹ̀ tó ku ìgbà kan péré kó bọ́ awọ di àgbà, tí kò tíì ní ìyẹ́ tó lè dún, ìlù ti pé nínú rẹ̀. Ọpọlọ ló dì í mú. Tí wọ́n bá ṣe apá kan ọpọlọ rẹ̀ léṣe, iṣan tí ìyẹ́ máa lò bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù àgbà.

Ti etí: orókún iwájú ni etí rẹ̀ wà, díẹ̀ sísàlẹ̀, kò jìnnà sí ìyẹ́ rárá, ìró náà sì lè ju 100 dẹ́síbẹ́lì (òṣùwọ̀n ariwo) lọ. James Poulet àti Hedwig rí ìdáhùn ní 2002, ní 2006 wọ́n fi ọwọ́ lé sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é. Ẹyọ kan ni lápá ọ̀tún, ẹyọ kan lápá òsì. Ní gbogbo ìgbà tí ìlù bá rán ìyẹ́ níṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì yìí gba ẹ̀dà iṣẹ́ náà, ó sì lọ dí àwọn sẹ́ẹ̀lì ìgbọ́ràn lójú ẹsẹ̀. Láàárín mẹ́rin kan àti mẹ́rin kejì, ó ṣí wọn. Nínú ìsinmi yẹn ló ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ Àgbẹ̀ Ìkòyí.

Àgbẹ̀, ẹ ṣeun fún ti ọyẹ́. Ara ìrẹ̀ kò ní ooru tirẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe rí ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe ń yá tàbí falẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dolbear ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1897 pé èèyàn lè ka ìró kòkòrò kó fi mọ bí òtútù ṣe tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Under G

Ẹ kú alẹ́ mà, ẹ kú alẹ́ sà. Kì í ṣe ìrẹ̀ nìkan o. Eṣinṣin kéékèèké tó máa ń rà bàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, akọ rẹ̀ náà ń kọrin fún abo, ìyẹ́ kan ṣoṣo ló ń nà jáde tó ń gbọ̀n. Ní 2008, Clyne àti Miesenböck ṣe é kí ìmọ́lẹ̀ lè ta àwọn sẹ́ẹ̀lì kan jí lára wọn. Wọ́n gé orí eṣinṣin, wọ́n tan ìmọ́lẹ̀, ó kọrin. Wọ́n ṣe é fún abo, tí kì í kọrin láyé rẹ̀, òun náà kọrin, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò rí bíi ti akọ dáadáa. Ìlù wà lára abo náà, orí rẹ̀ ni kì í ní "ẹ máa lù ú".

Ọmọ Àyàn Ọ̀yọ́

Tíṣà, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí yín. Mo ka èsì yìí fún ìyàwó mi lórí ibùsùn, ó ní kí n ka ti abo lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo gbà fún yín lórí ìyáàlù. Mo ti rí olórí ẹbí bẹ́ẹ̀ níbi ìnáwó, tí kò mọ ọwọ́ kan nínú ìlù, tó jẹ́ pé bó bá ti gbójú kúrò lára wa ni ọwọ́ wa ń rọ.

Àmọ́ ẹ kò dá mi lóhùn nípa bàbá mi. Ṣé ikùn ni ti wọn náà wà?

Tíṣà Sáyẹ́ǹsì Ogbómọ̀ṣọ́

Mo yẹra fún un ni, Bàbá, nítorí mi ò fẹ́ fi bàbá yín wé kòkòrò.

Èèyàn yàtọ̀. Ìlù tí ọwọ́ kọ́, inú orí ló wà, kì í ṣe ikùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ èèyàn, apá òsì ọpọlọ ló ń ṣètò ọ̀rọ̀, òun náà ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àti apá ọ̀tún fi jọ lọ. Apá ọ̀tún ọpọlọ tó ń darí ọwọ́ òsì lè wà níbẹ̀ digbí. Ohun tí ọwọ́ ti ṣe fún àádọ́ta ọdún sì máa ń jìn sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí kò ti gbára lé ọ̀rọ̀. Àwọn kan wà tí àrùn yìí gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn tí wọn kò lè sọ "omi", tó sì jẹ́ pé tí o bá dá orin fún wọn, wọ́n á kọ ọ́ tọ̀rọ̀tọ̀rọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn mọ̀ ọ́n, wọ́n tilẹ̀ ń lò ó láti fi dá ọ̀rọ̀ padà. Dókítà yẹn kò mọ ohun tí ọṣán ń ṣe lọ́wọ́ onílù ni. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Mo gbà pé oríkì ni ẹ rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, eṣinṣin kan wà tó ń tẹ̀lé orin ìrẹ̀ títí á fi bá a, á bímọ sí i lára, àwọn ọmọ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Ní 2006, Marlene Zuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ akọ níbẹ̀ ti wá ń jáde pẹ̀lú ìyẹ́ tó tẹ́, tí kò ní eyín wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń há ara wọn. Wọn kò lè dún mọ́, eṣinṣin kò sì rí wọn. Nígbà tí àwọn mìíràn wá wò wọ́n dáadáa lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n rí i pé àwọn akọ yìí ṣì ń gbé ìyẹ́ sókè lálẹ́, wọ́n ń lù ú.

Tí ẹ bá fẹ́ wo tiyín, ẹ fi náílọ́ọ̀nù pupa bo ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Ìrẹ̀ kì í sábà rí pupa.

Ọmọ Àyàn Ọ̀yọ́

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wá a.

Adìẹ yẹn kan náà ló ṣe é. Akọ kan wà lábẹ́ gẹdú kẹta láti ògiri, adìẹ ti ya ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, èyí tó kù kò ju ìdajì èékánná lọ, kò lè kan ara wọn. Mo ti ń gbójú fò ó nítorí kì í dún. Lálẹ́ àná, mo fi náílọ́ọ̀nù pupa bo tọ́ọ̀ṣì, mo dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní lẹ́bàá igi, ọmọ ọmọ mi ń di fóònù mú. Àwọn yòókù ti ń ké káàkiri. Tiwa dúró jẹ́ẹ́ títí ó fi tó ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ó gbé ègé ìyẹ́ yẹn sókè bí àwọn tó kù ṣe ń gbé e, ó sì ń gbọ̀n wọ́n. Etí mi kò gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ rẹ̀.

A wọlé, mo mú fídíò náà falẹ̀. Ọmọ yẹn ló ń kà á sókè fún mi. Mẹ́rin, ìsinmi. Mẹ́rin, ìsinmi. Mẹ́ta. Mẹ́rin.